Bí ẹ ṣe máa rí ọ̀ṣọ́ tó wọ ara ọkọ̀ àtijọ́ yín gẹ́ẹ́

Ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Abẹ́òkúta kì í pẹ́ rí ẹni tó máa bá a tú ẹ́ńjìnnì, tàbí ẹni tó máa bá a jó abẹ́ ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Ìdí ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ ti máa ń há. Gìríìlì, bọ́ńpà, òrùka iná iwájú, ìlà kíróòmù tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, àmì orúkọ ọkọ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà gíláàsì, rọ́bà ilẹ̀kùn, páálí inú ilẹ̀kùn: àwọn ni ojú ń kọ́kọ́ rí, àwọn náà ló sì ṣòro jù láti rí èyí tó bá ọkọ̀ mu. Owó púpọ̀ ń ṣòfò lórí wọn, kì í sì í ṣe torí pé ọjà wọ́n. Orúkọ ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń rà á.

Orúkọ nìkan kò tó. Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kaduna ní 1975, Argentina sì ń ṣe tirẹ̀ títí di 1999. Gbogbo wọn ń jẹ́ 504, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá yọ lára ọ̀kan lè má wọ ara èkejì rárá. Ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹ fi ra ọ̀ṣọ́: ègé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, ihò tó wà lára ọkọ̀ yín, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ègé náà, àti ìwọ̀n tí ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, àti bí ẹ ṣe máa lò wọ́n, ni a fẹ́ tò síbí.

Kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó fọwọ́ kan ọkọ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń ba iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ jẹ́. Wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á dà á sínú àpò kan ṣoṣo, pánẹ́ẹ̀lì-bítà á sì fi pọ́tì dí gbogbo ihò kílíìpù (ohun kékeré tó ń di ìlà ọ̀ṣọ́ mú mọ́ ara ọkọ̀) kí ara ọkọ̀ lè dán. Nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ tán, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ihò wà mọ́. Wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlà ọ̀ṣọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ti iwájú á ga ju ti ẹ̀yìn lọ, oòrùn oṣù mẹ́ta á sì tú u.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ohun gbogbo ṣì wà níbẹ̀, kódà bí ó ti fọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìlà ọ̀ṣọ́, ẹ fi tépù lẹ bébà pẹlẹbẹ mọ́ ilẹ̀kùn, kí etí bébà àti etí ilẹ̀kùn dọ́gba níwájú àti nísàlẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù tàbí èédú ra orí bébà náà jẹ́jẹ́. Gbogbo ihò tó wà lábẹ́ á yọ jáde bí òrùka kékeré. Ẹ kọ "ilẹ̀kùn iwájú, òsì" sí i lára, kí ẹ sì ká a pamọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fẹ́ńdà iwájú méjèèjì àti ẹ̀yìn méjèèjì: bébà mẹ́jọ ni, iṣẹ́ ọ̀sán kan. Bí ihò kan bá ti jẹ gbòòrò nítorí ìpẹtà, wẹ́dà á jó irin pélébé dí i, ẹ ó sì fi bébà yẹn lu òmíràn sí ojú ibi tó wà gan-an.

Ẹ sọ fún pánẹ́ẹ̀lì-bítà kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dí ihò kankan. Ẹ fi tépù bébà sàmì sí wọn, nítorí ọmọṣẹ́ ló sábà máa ń fi pọ́tì sí i, ọ̀gá kì í sí níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ má sì jù ohunkóhun nù. Àmì orúkọ tó ti ṣẹ́ sí méjì, rọ́bà tó ti gbẹ bí ẹ̀ka igi, kílíìpù tó ti jẹrà, àwọn ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ nípa ohun tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ yín. Ẹ dì wọ́n sí ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ sí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ní gan-an

Ní ti 504, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ti àwọn àkọ́kọ́ yọ síta. Ti àwọn tó tẹ̀ lé e rì sínú ilẹ̀kùn. Ara irin ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìpààrọ̀ ilẹ̀kùn. Gìríìlì náà kọ́kọ́ jẹ́ irin kó tó di pílásítíìkì dúdú. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ara yín bóyá sàlúùnù ni tàbí wágọ́ọ̀nù. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, sàlúùnù jẹ́ 274 sẹ̀ǹtímítà, wágọ́ọ̀nù sì jẹ́ 290. Sẹ̀ǹtímítà 16 yẹn wà ní apá ẹ̀yìn. Ọ̀ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ṣeé pààrọ̀ láàárín wọn, bí ẹni tó ń tà tiẹ̀ búra. Àmì GL, GR tàbí SR (irú 504 tó jẹ́) tó wà lára búùtù kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti gba àmì orúkọ ọkọ̀ mìíràn nígbà tí tirẹ̀ sọnù.

Volkswagen Ìjàpá le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè: nọ́ńbà ṣásíì wà lórí irin tó ga láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Fún àwọn ọkọ̀ 1965 dé 1969, nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ọdún, nítorí náà èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 116 jẹ́ ọkọ̀ 1966, 118 sì jẹ́ ti 1968. Oṣù kẹjọ ni Volkswagen fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ọkọ̀, kì í ṣe oṣù kìíní. Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá 1967 ń lo ọ̀ṣọ́ ọdún 1968. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ní oṣù kẹjọ 1964 gbogbo gíláàsì rẹ̀ tóbi sí i, ní oṣù kẹjọ 1967 sì ni iná iwájú tó dẹ̀gbẹ́ dìde dúró ṣánṣán, tí bọ́ńpà náà sì yí padà. Ní oṣù kẹjọ 1972, irú 1303 jáde pẹ̀lú gíláàsì iwájú tó tẹ̀ kọrọdọ. Ìlà ọ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ní tirẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àtijọ́ lọ láti oṣù kẹjọ 1966, ihò kílíìpù rẹ̀ sì kéré sí i. Ẹ tún kíyè sí ohun kan: Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní Brazil kò gba gíláàsì ńlá ti 1964 yẹn rárá, kékeré ló ń lò títí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Rọ́bà gíláàsì tí wọ́n ṣe fún Brazil kò ní wọ Ìjàpá Jámánì ti ọdún 1970, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "1970" ló wà lára ọ̀rá rẹ̀.

Ní ti Mercedes-Benz 123, èyí tó ṣì pọ̀ láàárín àwọn àgbà ìlú, ẹ wo iná iwájú. Títí di 1982, àwọn tí owó wọn kéré láàárín wọn ní iná róbótó. Láti ìgbà náà, gbogbo wọn ló gba iná onígun mẹ́rin gbọọrọ. Òrùka iná àti ọ̀ṣọ́ tó yí i ká ń tẹ̀ lé irú iná.

Ẹ rántí ìhà tí sítíárìn wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí ọ̀tún. Ọkọ̀ tó wọlé ṣáájú ìgbà náà lè ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀ṣọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò wáípà àti dígí ẹ̀gbẹ́ kì í bára mu láàárín wọn. Ní ti iná iwájú, èyí tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ kọ́ sí òsì, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín lójú ọ̀nà Ṣàgámù ló máa fọ́. Ẹ má lò ó.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ègé

Ẹ fi kẹrosíìnì nu ẹ̀yìn ègé àtijọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, kí ẹ sì nu orí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì á kù sínú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ti Volkswagen pín sí mẹ́ta-mẹ́ta: mẹ́ta àkọ́kọ́ ni irú ọkọ̀, mẹ́ta àárín ni ibi tí ègé wà, mẹ́ta ìkẹyìn ni ègé gan-an. Ohun tí àárín rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 jẹ́ ti ara ọkọ̀. 837 ni ọwọ́ àti àgádágodo ilẹ̀kùn iwájú, 845 ni gíláàsì àti rọ́bà rẹ̀, 853 ni ìlà ọ̀ṣọ́ àti àmì orúkọ. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, òsì ni. Bí ó bá jẹ́ 2, 4, 6, 8 tàbí 0, ọ̀tún ni. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e ń sọ pé wọ́n ti yí i padà, nítorí náà ẹ má fojú fo lẹ́tà náà. Ti Mercedes-Benz máa ń ní lẹ́tà A, lẹ́yìn náà irú ọkọ̀ (123), lẹ́yìn náà ibi tó wà. 885 ni bọ́ńpà.

Òsì ọkọ̀ ni òsì ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ tó sì kọjú síwájú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà máa ń dúró níwájú ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ òsì tàbí ọ̀tún, ẹ ó sì gba òdìkejì. Lórí fóònù, ẹ máa sọ pé "ìhà dírẹ́bà" tàbí "ìhà èrò", kí ẹ sì fi kún un pé sítíárìn wà lọ́wọ́ òsì.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Tépù irin kan, kálípà kan (ohun èlò tí a fi ń wọn nínípọn àti àlàfo kékeré) àti àpò bíìtì dírílì kan tó. Gbogbo ìwọ̀n, mílímítà ni kó jẹ́. Íńṣì lè ṣì yín lọ́nà.

Ihò kílíìpù ni ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ mú bíìtì dírílì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ tó dán gbìyànjú nínú ihò, láti èyí tó kéré lọ sí èyí tó tóbi. Èyí tó tóbi jù tó wọlé láìmì ni ìbú ihò náà. Ẹ wọ̀n ó kéré tán níbi mẹ́ta, torí ìpẹtà máa ń jẹ ihò tó sún mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, àlàfo láti ihò sí ihò: ẹ má gbìyànjú láti mọ àárín ihò pẹ̀lú ojú, ẹ wọ̀n láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ihò tó tẹ̀ lé e.

Lára ìlà ọ̀ṣọ́, ẹ wọ̀n gígùn, fífẹ̀ ojú rẹ̀, àti àlàfo inú láàárín etí méjèèjì tó ká wọlé lẹ́yìn. Ìwọ̀n kẹta yìí ni àwọn ènìyàn kì í wọ̀n, òun gan-an ló sì ń sọ irú kílíìpù tó máa di ìlà náà mú. Kílíìpù tó bá fi mílímítà kan péré kéré ju àlàfo yẹn lọ á jẹ́ kí ìlà máa ró bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Èyí tó bá tóbi jù á tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú rẹ̀ á sì wú. Ẹ kọ ìbú ihò àti àlàfo inú sí ìwé kan náà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra kílíìpù, torí méjèèjì ni kílíìpù gbọ́dọ̀ bá mu. Bí ẹ bá nílò 20, ẹ ra 25. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ nígbà ìgbìyànjú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ẹ pa kílíìpù irú méjì pọ̀ sórí ìlà kan.

Ẹ wọ̀n òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún lójú ọ̀nà wa, ó ṣòro kó má tíì forí gbárí rí. Fún ojú gíláàsì iwájú, ẹ na tépù láti igun òkè òsì dé igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ tún nà án láti òkè ọ̀tún dé ìsàlẹ̀ òsì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà mẹ́rin lọ, ara ọkọ̀ ti wọ́, kò sì sí rọ́bà tuntun tó máa wò ó sàn. Ẹ dá a padà sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ná.

Rọ́bà

Níbí ni kí ẹ ti lo sùúrù jù. Òjò Abẹ́òkúta kì í dárí ji rọ́bà tí kò wọ̀ dáadáa: omi á gba ibẹ̀ wọlé, á dúró sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láti inú, níbi tí ojú kò tó.

Fún rọ́bà gíláàsì, ẹ gé ègé sẹ̀ǹtímítà méjì láti ara ti àtijọ́, ní ibi tó gbọọrọ, kì í ṣe ní igun. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ sórí ìyíǹkì, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: àwòrán rẹ̀ á jáde gẹ́lẹ́. Ẹ wá wọ̀n àlàfo tí gíláàsì ń gbà, àlàfo tí etí irin ọkọ̀ ń gbà, bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì, àti ihò kékeré tí ìlà kíróòmù ń gbà bí ó bá ní. Ẹ má gbà pé gíláàsì tó wà níbẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́. Nínípọn gíláàsì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ fi kálípà wọ̀n gíláàsì fúnra rẹ̀.

Rọ́bà àtijọ́ á sọ ìrísí fún yín, kò ní sọ gígùn. Ó ti sún kì. Fún gígùn, ẹ fi okùn tí kì í nà yí etí irin ojú gíláàsì ká, kí ẹ sì wọ̀n okùn náà. Bí ẹ bá ń ra èyí tí wọ́n ń gé tà ní mítà, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dípò kí ẹ fà á. Rọ́bà tí wọ́n fà kí ó lè dé ibi tó yẹ, lọ́jọ́ iwájú á kúrò ní igun. Oríkèé rẹ̀ yẹ kó wà láàárín òkè, níbi tí omi kò ti ní dúró lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè rí èyí tó jẹ́ òrùka odindi tí igun rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ san owó rẹ̀. Rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n fipá tẹ̀ sí igun máa ń wú jáde.

Fún rọ́bà ilẹ̀kùn, àlàfo láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ ni ẹ máa wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ tún ìdè ilẹ̀kùn ṣe, nítorí ilẹ̀kùn tó wọlẹ̀ á fún yín ní ìwọ̀n èké. Ẹ wá fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé pọ́tì rírọ̀ tàbí amọ̀ ìṣeré ọmọdé ní róbótó-róbótó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi mẹ́rin: ẹ̀gbẹ́ ìdè, òkè, ẹ̀gbẹ́ àgádágodo, ìsàlẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn pa pátápátá, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì wọ̀n bí ó ṣe nípọn tó. Rọ́bà ilẹ̀kùn tó dáa gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa. Bí àlàfo bá jẹ́ mílímítà 10, rọ́bà tó ga ní 15 ni kí ẹ wá. Èyí tó ga ní 20 kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa láìjẹ́ pé wọ́n gbá a, ìgbáni yẹn á sì ba àgádágodo jẹ́. Èyí tó ga ní 11, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Bí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yàtọ̀ síra ju mílímítà mẹ́ta lọ, ìdè ilẹ̀kùn ló ń fẹ́ àtúnṣe, ẹ má tíì lọ sọ́jà.

Ní ọjà, ẹ tẹ rọ́bà oníhò pọ̀ dé ìdajì láàárín ìka méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Kó padà sí ipò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ká rọ́bà líle sí méjì, kí ẹ wo ibi tó ti ká: bí ìlà wẹ́wẹ́ bá yọ, ó ti pẹ́ lórí àtẹ nínú oòrùn. Ẹ fi ra bébà funfun. Bí ó bá kọ dúdú kìrìkìrì bí èédú, ẹ fi í sílẹ̀, á máa kùn aṣọ àti ọ̀dà yín.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Kí ẹ tó san owó ohun tó ń dán, ẹ mọ irin tó jẹ́, torí òun ló ń sọ bóyá ẹ lè tún un ṣe. Òòfà kékeré kan nínú àpò ṣe pàtàkì. Bí kò bá mú un, tó sì fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni. Ẹ lè fi òòlù kékeré àti igi na ibi tó tẹ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà 400, 800, 1200 dé 2000 dán an, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi eérú tàbí sódà líle fọ̀ ọ́, á jẹ awọ tó ń dáàbò bò ó. Bí kò bá mú un, tó sì wúwo, tí ojú rẹ̀ sì wú wẹ́wẹ́ bí èéwo, irú síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn àti àmì orúkọ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbàjẹ́ náà ti inú wá, kíróòmù tuntun lórí rẹ̀ kì í pẹ́, ó sì máa ń ṣẹ́ bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá òmíràn. Bí ẹ bá ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó pupa bíi wúrà, idẹ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ, torí idẹ gba kíróòmù tuntun dáadáa.

Òòfà kò lè ya irin oníkíróòmù sọ́tọ̀ kúrò lára sítéńléèsì ní gbogbo ìgbà, nítorí irú sítéńléèsì kan wà tí òòfà ń mú, òun ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe ìlà ọ̀ṣọ́. Ẹ wo etí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Irin oníkíróòmù á ti máa dípẹtà níbẹ̀.

Bí ìlà tiyín bá jẹ́ sítéńléèsì tó kàn tẹ̀ díẹ̀, a gbà yín níyànjú gidigidi láti tún un ṣe dípò ríra òmíràn. Ohun tó ti wà lára ọkọ̀ yín láti ilé-iṣẹ́ á wọ̀ ọ́ ju ohun tuntun èyíkéyìí lọ.

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti dàgbà ní Lafẹ́nwá, Aṣérò àti Ọbáńtokò mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kú sẹ́yìn ilé láti ọdún wo, wọ́n sì mọ ẹni tó ń tọ́jú ọ̀ṣọ́ sí àjà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ mú ègé àtijọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì fi í hàn wọ́n kí ẹ tó dárúkọ ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni Agodi Gate ní Ìbàdàn àti ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ní Ládípọ̀, ẹni tó ń ta ọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ní ohun gbogbo, ọjà ẹlòmíràn ló fẹ́ lọ gbé wá, owó rẹ̀ á sì lé.

Bí ẹ bá ń rà láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà gbé tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé náà kó sì ya fọ́tò mẹ́ta: iwájú, ẹ̀yìn, àti ibi tí sikúrúù ń gbà. Fọ́tò ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹnu mọ́. Iwájú ohun méjì lè jọra bí ìbejì kí ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ lè dá a padà bí kò bá wọ̀, kí ó sì jẹ́ kó wà nínú ìwé ìsanwó. Ẹ má ra ẹyọ kan lára ohun tó jẹ́ méjì bí ẹ bá lè yẹra fún un: òrùka iná kan tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kan kì í dán bákan náà.

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí wọ́n ń tú tà, ọwọ́ yín ni kó yọ ọ̀ṣọ́, kì í ṣe ọwọ́ ọmọṣẹ́ tó mú sikúrúdíráfà dání. Sikúrúdíráfà á fi àmì sí ìlà ọ̀ṣọ́ láéláé. Ẹ gbẹ́ ọparun pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi tépù aṣọ wé orí rẹ̀. Ẹ ti ọparun sábẹ́ ìlà níbi tí kílíìpù wà gan-an, kí ẹ gbé e díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí kílíìpù kejì, láti ìparí kan dé ìparí kejì. Bí ẹ bá di ìparí kan mú tí ẹ fà á, á ká láàárín, ibi tó bá sì ti ká kì í nà dáadáa mọ́. Ẹ ṣí páálí inú ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó fi agbára sí i, torí àwọn kan ní nọ́ọ̀tì lẹ́yìn níparí méjèèjì. Àwọn tó ti dípẹtà, ẹ da òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ gba kílíìpù rẹ̀ pẹ̀lú, kódà èyí tó fọ́.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ọ̀dà tó kan ọkọ̀

Ohun gbogbo tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ wọ ara ọkọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀. Ẹ so ilẹ̀kùn kọ́, ẹ fi rọ́bà sí i, ẹ tì í pa, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó fi ìlà ọ̀ṣọ́, bọ́ńpà àti gìríìlì sí i. Ẹ má yí ètò yìí padà. Ìlà ọ̀ṣọ́ tó bára mu nígbà tí ilẹ̀kùn kò ní rọ́bà á jáde síta ní mílímítà mẹ́ta nígbà tí rọ́bà bá dé. Ẹ dúró ní mítà márùn-ún, kí ẹ wo ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí i tó gun òkè tàbí tó sọ̀kalẹ̀ ní etí ilẹ̀kùn, ìsinsìnyí ni àsìkò láti sún un.

Nígbà tí ẹ bá kun ún tán, ọ̀dà á ti mú kí ihò fún díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ, yí bíìtì dírílì tó bá ihò mu nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí etí irin tó hàn, kí ẹ sì fi gírísì tàbí ìda sí i kí kílíìpù tó wọlé. Ihò tí a kò fi nǹkan kan kùn ni ìpẹtà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Fún ìlà alumíníọ̀mù, kílíìpù pílásítíìkì ni kí ẹ lò níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí alumíníọ̀mù àti irin tó bá fara kanra nínú omi máa ń jẹ ara wọn.

Bí rọ́bà gíláàsì bá ní ìlà kíróòmù, bíi ti Ìjàpá, ẹ ti ìlà náà sínú rọ́bà lórí gíláàsì kí ẹ tó gbé gíláàsì sójú ọkọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti wà níbẹ̀, kò ní wọlé mọ́ láìtẹ̀. Ẹ tẹ́ okùn tí nínípọn rẹ̀ tó mílímítà márùn-ún sínú àlàfo tí etí irin ń gbà, kí ìparí rẹ̀ méjèèjì pàdé ní àárín ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọjá ara wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kì í ṣe òróró, torí òróró ń jẹ rọ́bà. Ẹnì kan á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì láti ìta, èkejì á máa fa okùn jẹ́jẹ́ láti inú, etí rọ́bà á sì máa gun orí irin bí okùn ti ń jáde.

Inú ọkọ̀ rọrùn jù. Àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ lè gé páálí inú ilẹ̀kùn tuntun láti ara ti àtijọ́, bí ẹ bá fún wọn ní pákó páálí líle tó nípọn ní mílímítà mẹ́ta. Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní fáníìṣì, kí ẹ sì na ọ̀rá sáàárín rẹ̀ àti irin ilẹ̀kùn, torí omi tó ń ṣàn lára gíláàsì ń gba inú ilẹ̀kùn kọjá. Fún ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, ẹ ka eyín inú ihò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí eyín rẹ̀ kò pé á wọlé, á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì fá eyín ẹ̀rọ gíláàsì dànù.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kan máa fi rọ́bà omi rọ omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, torí omi á ṣàn wálẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ti wọlé. Ibi tí omi bá ti yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ sì tún fi pọ́tì róbótó wọ̀n àlàfo ibẹ̀ kí ẹ tó dá rọ́bà lẹ́bi.